Èdè Tí A Fi Ń Bi Àgbà Léèrè: Àyẹ̀wò Ránpẹ́ fún Iyè Láàárín Àwọn Yorùbá Coal Camp, Enugu

Ìfáàrà

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kan tí àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Coal Camp ní ìlú Enugu ti bi wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ìyá tàbí bàbá ẹni bá ń gbàgbé nǹkan, tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n bi í ní ìbéèrè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n sì kọ máàkì sínú ìwé, kí ni máàkì yẹn ń sọ? Ṣé iyè ìyá ni ó wọ̀n, àbí ohun mìíràn? Olùkọ́ èdè ni wá, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé léni lórí. Ìbéèrè ni, ìdáhùn ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ irinṣẹ́, ó yẹ kí olùkọ́ èdè ní ohun tí yóò sọ níbẹ̀.

Coal Camp kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Enugu. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní ìlú náà, àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà sì ni àdúgbò yìí gbà sílé kí ó tó di ibi tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ń ta páátì mọ́tò pọ̀ sí, tí kò sì jìnnà sí ọjà Ogbete. Iṣẹ́ àti òwò ló kó oríṣiríṣi ènìyàn wá síbẹ̀. Àwọn Yorùbá tí ó wà láàárín wọn ń sọ Yorùbá nínú ilé, wọ́n ń sọ Igbo àti pijin lọ́jà, àwọn ọmọ-ọmọ wọn mìíràn sì gbọ́ Igbo ju Yorùbá lọ. Nígbà tí àgbà láti irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, èdè mẹ́ta ló ti wà nínú yàrá náà kí a tó dé orí ìwé ìbéèrè, tí òun náà jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ kí a tó tẹ̀ síwájú. Ìgbàgbé jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí kì í wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí kan, tí ó ń sọnù ní òpópónà tí ó ti ń rìn fún ogójì ọdún, Yorùbá a ní iyè rẹ̀ ti rá, tàbí kí wọ́n ní ó ń ṣarán. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní dementia nìyí. Nínú iṣẹ́ yìí, iyè-rírá ni a ó máa pè é, nítorí pé àbùkù wà nínú ‘ṣarán’, kò sì yẹ kí a fi pe aláìsàn. Àwọn ilé kan tilẹ̀ wà tí orúkọ tí wọ́n ń fún un burú ju ìyẹn lọ: ìyá arúgbó tó bá ń dá sọ̀rọ̀, tó ń rìn lóru, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá fún ní irú orúkọ yẹn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bí wọ́n ṣe ń pín máàkì

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ni Mini-Mental State Examination, tí Marshal Folstein, Susan Folstein àti Paul McHugh gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1975. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó 24 ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n túbọ̀ yẹ̀ wò. Montreal Cognitive Assessment, tí Ziad Nasreddine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, jẹ́ 30 bákan náà. 26 ni ààlà tirẹ̀, wọ́n sì ń fi máàkì 1 kún ti ẹni tí kò lò ju ọdún 12 lọ nílé ìwé. Mini-Cog, tí Soo Borson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2000, ló kúrú jù: ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti rántí, aago kan láti yà sínú ìwé, máàkì 5 péré.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti 1975 yẹn. Ká ní ìyá kan wà tí ó ń ta aṣọ nítòsí Ogbete, ẹni ọdún 78, tí kò lọ sí ilé ìwé rí, tí iyè rẹ̀ sì pé. Nínú máàkì 30, 10 wà fún mímọ ọjọ́ àti ibi tí ènìyàn wà. 3 fún títún ọ̀rọ̀ mẹ́ta pè. 5 fún yíyọ 7 kúrò nínú 100 léraléra, tàbí pípe lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. 3 fún rírántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìṣáájú. 2 fún dídárúkọ ohun méjì tí wọ́n fi hàn án. 1 fún títún gbólóhùn kan sọ. 3 fún ṣíṣe ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kí ó ṣe tẹ̀léra. 1 fún kíka gbólóhùn. 1 fún kíkọ gbólóhùn. 1 fún yíya àwòrán. Ìyá wa kò mọ ìwé, nítorí náà kíkà àti kíkọ ti lọ. Kò di pẹ́ńsùlù mú rí, àwòrán náà lọ. Bí ìṣírò ojú ìwé bá tún gba 5 lọ́wọ́ rẹ̀, 22 ló kù. Ó ti wà lábẹ́ 24 kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun kan tí ó jẹ mọ́ ìrántí lọ́wọ́ rẹ̀! Ìrántí gan-an, tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe gbé e wá, máàkì 3 péré ni wọ́n fún un.

Ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá fi Mini-Cog dán an wò, aago tí kò lè yà gba máàkì 2. Bí ó bá rántí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní 3, ó sì yọ. Bí ó bá gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo, 2 ló ní, orúkọ rẹ̀ sì bọ́ sára àwọn tí iyè wọn mú ìfura dání. Ẹni tó mọ ìwé lè gbàgbé ẹyọ kan, kódà méjì, kí ó sì tún yọ. Ìyá ń ta aṣọ, ó ń fún ènìyàn ní ṣéńjì láìṣì í, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ máàkì yẹn lè gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹran ara.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Àwa Yorùbá gan-an wà lára àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà darí ìwádìí kan tí ó fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, ní ìlú Ìbàdàn, wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Adesola Ogunniyi, Olusegun Baiyewu àti Oye Gureje wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Osuntokun kú ní 1995, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ lọ.

Irinṣẹ́ tí wọ́n lò ni Community Screening Instrument for Dementia, tí Kathleen Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà, láti bá àwọn àgbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwé sọ̀rọ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti wo ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ìbéèrè tí kò bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn mu. Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé apá méjì ló ní. Apá kan jẹ́ ti àgbà náà fúnra rẹ̀. Apá kejì jẹ́ ti ẹbí tí ó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n á bi léèrè ohun tí àgbà náà ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Apá méjèèjì ni wọ́n ń pa pọ̀ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun.

Èsì ìwádìí náà jáde ní 1995 àti ní 2001. Nínú ti 2001, àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis ni wọ́n tẹ̀lé. Iye àwọn tí iyè-rírá tuntun ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún ní Indianapolis. Ẹ wo èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò lọ sí ilé ìwé. Ká ní ìbéèrè tí ń dán ìwé kíkà wò ni wọ́n gbé tọ̀ wọ́n lọ, tí wọ́n sì gba máàkì náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, èsì yẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù náà, Ìbàdàn ni wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde ní 2005, tí àgbà á fi igi ìṣáná to irú àwòrán tí wọ́n bá tò sílẹ̀ fún un. Kò sí ìyá tí kò di igi ìṣáná mú rí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ náà wà nínú IDEA, àyẹ̀wò onípele mẹ́fà tí wọ́n ṣe ní Tanzania, tí wọ́n sì tún dán wò ní Lálùpọn nítòsí Ìbàdàn. Máàkì 15 ni àpapọ̀ rẹ̀, kò sì béèrè pé kí ènìyàn kà tàbí kí ó kọ ohunkóhun. Bí a bá bi wá, irú èyí ni ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì ní Enugu fún àgbà tí kò mọ ìwé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ń ṣini lọ́nà

Síbẹ̀, irinṣẹ́ tó dára lè bàjẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Coal Camp, kì í sábà sí ẹ̀dà Yorùbá lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì; ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ló ń túmọ̀. Àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìmọ̀ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n wúlò sí jù.

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ní kí ènìyàn dárúkọ gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní animal láàárín ìṣẹ́jú kan. Onítumọ̀ á ní, “Màmá, ẹ dárúkọ ẹranko tí ẹ mọ̀.” Ẹranko! Létí ọ̀pọ̀ àgbà, inú igbó ni ẹranko ń gbé: ẹfọ̀n, ẹtu, ìnàkí, kìnnìún. Ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹran ọ̀sìn ni wọ́n. Adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ bọ́ sí abẹ́ ẹyẹ. Ẹja dá dúró ní tirẹ̀, ejò dá dúró, kòkòrò kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ìyá tó ti gbé ìgboro fún àádọ́ta ọdún á ka ẹranko mẹ́rin tàbí márùn-ún, á sì dákẹ́, nítorí pé ó ti dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti tán nínú iyè rẹ̀. Bí a bá ní, “Ẹ dárúkọ ohun ẹlẹ́mìí tí kì í ṣe ènìyàn, yálà ti ilé ni o, ti igbó ni o, ẹyẹ ni o, ẹja ni o,” ẹnu rẹ̀ á ṣí. Ìyá kan náà ni, iyè kan náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùbéèrè nìkan ló yí padà.

Wọ́n tún máa ń bèèrè kí ni afárá jẹ́. Nínú ìwé, ohun tí wọ́n fẹ́ ni ohun tí a fi ń sọdá odò. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ní “ibẹ̀ ni oyin ń wà” kò ṣì sọ. Afárá oyin ni ó gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á kọ òdo síwájú rẹ̀, á sì tún fi àmì sí i pé ó ń sọ ìsọkúsọ.

Ti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń ní kí ènìyàn rántí ló gba àkíyèsí jù. Ọ̀kan nínú àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ Mini-Cog lédè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì parí pẹ̀lú àga, méjèèjì kò ní wàhálà. Èyí tó wà láàárín ni ìgbà tí oòrùn ń yọ. Onítumọ̀ tó bá yára á ní “ìlà-oòrùn.” Lójú àgbà tó bá Ìjọba Ìlà-Oòrùn ní Enugu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owúrọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni! Àkójọ mìíràn ní aṣọ àrán nínú. Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, àrán di aràn, ìyá á sì máa ronú nípa inú rírun. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, etí àgbà sì ti ń di. Nígbà tí a bá ń kígbe kí wọ́n lè gbọ́, gbogbo ohùn á fẹ́ máa gòkè, ọkọ̀ á sì fẹ́ dún bí ọkọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú agbọ̀n, nítorí àgbọn wà, agbọ́n wà, àgbọ̀n wà. Ẹ má ṣe mú ọ̀bẹ, nítorí ọbẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbejì: ṣíbí, ṣòkòtò, pẹ́pẹ́yẹ. Kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ní ti ìtumọ̀, kí ọ̀kan má baà máa fa èkejì jáde.

Nínú àyẹ̀wò ti 1975, gbólóhùn tí wọ́n ń ní kí ènìyàn tún sọ jẹ́ àkànlò Gẹ̀ẹ́sì tó nira fún ahọ́n. Bí a bá tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò mú ọgbọ́n kankan wá. Àwọn kan wá ronú pé kí a fi òwe rọ́pò rẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Òwe, oríkì, orin ìjọ àti ìkíni ti wọnú àgbà ju bí ìgbàgbé ṣe lè tètè dé ibẹ̀ lọ. Ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ tó jókòó tì í lè ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ láìgbagbé ìlà kan, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ nìyẹn: “Màmá kò gbàgbé nǹkan kan o, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pòwe.” Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ló yẹ, bí irú èyí: “Ọmọ tí ó ra epo kọ́ ni ọmọ tí ó ra iyọ̀.”

Ní ti ìṣírò, yíyọ 7 kúrò nínú 100 le ní Yorùbá ju bó ṣe le ní Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé orúkọ àwọn nọ́ńbà wa jẹ́ ìṣírò fúnra wọn. Ìdáhùn àkọ́kọ́, 93, ni mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún: ogún márùn-ún, yọ mẹ́wàá, fi mẹ́ta lé e. Èyí tó tẹ̀ lé e, 86, ni mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún: ogún márùn-ún, yọ mẹ́wàá, kí o tún yọ mẹ́rin. Ẹni tó ń dáhùn ń yọ, ó tún ń lé, kí ó tó pe orúkọ ohun tí ó rí. Owó ni ká fi bèèrè. Bí ẹ bá ra ọṣẹ ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà, tí ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan náírà sílẹ̀, èló ni ṣéńjì yín? Ìyá ọlọ́jà kò nílò ilé ìwé fún ìyẹn.

Ìbéèrè ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ há jù. “Kí lòní?” yàtọ̀ sí “Ọjọ́ kelòó oṣù la wà?” Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ohun tí wọ́n ń fi déètì Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ẹlòmíràn á fi oṣù ààwẹ̀ dá yín lóhùn. Ẹni tó ti pẹ́ ní Enugu á ní ọjọ́ Nkwọ ni, nítorí pé Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ ni ọjà ń tẹ̀ lé. Kí a wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ni, kí a má kàn fi àmì ìṣìnà sí i. Bákan náà ni ìgbà inú ọdún: òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la ní, ọyẹ́ sì wà láàárín, mẹ́rin ti àwọn Òyìnbó kì í ṣe tiwa.

Bí a ṣe ń jókòó ti àgbà

Ẹ má pè é ní ìdánwò. Létí onígbàgbọ́, wàhálà tí Èṣù ń gbé wá ni ìdánwò. Létí ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé, ohun tí yóò tú u fó ni. Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ yẹ ọpọlọ wọn wò, nítorí pé wèrè ni yóò sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá awò ojú wọn wà níbẹ̀, kí ẹ jókòó síbi tí wọn yóò ti máa rí ẹnu yín. Lẹ́yìn náà, irú ọ̀rọ̀ yìí tó: “Màmá, a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè wẹ́wẹ́ kan tí a máa ń bi gbogbo àgbà tó bá wá síbí. Òmíràn á rọrùn, òmíràn á le díẹ̀. Èyí tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún wa. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, kò burú rárá.” Ó yẹ kí ẹ tún bèèrè èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Àgbà tí iyè rẹ̀ ń lọ a máa padà sí èdè àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó sì máa pàdánù èyí tí ó kọ́ lọ́jà; nítorí náà, Igbo tó dán mọ́rán lẹ́nu ìyá ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò tó láti fi wọn iyè rẹ̀ lónìí.

Ọ̀wọ̀ máa ń fa ìṣòro kan tí kò sí nínú ìwé àwọn Òyìnbó. Àgbà mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ìhòòhò ara ẹni. Bí a bá bi bàbá pé kí lòní, á rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ọmọ ìwé ni kí ẹ mọ ìyẹn.” Tàbí, “Ṣé ìwọ ò mọ òní ni?” Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, á sì kọjá síbi tó kàn, ó ṣe tán, ta ni yóò máa fi ọ̀rọ̀ fún àgbà lọ́rùn? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn lè jẹ́ àmì àìsàn. Kí a tún un bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀: “Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa pè é, kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀.” Bí wọ́n bá tún yẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì máa wo orí wọn: àgbà tó ń yíjú sí ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá bi í ní ìbéèrè ti ń sọ nǹkan fún wa kí ó tó lanu.

Ọmọ tó ń túmọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́, ohun tó sì wù ú jù láti ṣe nìyẹn. “Màmá, ẹ rántí, èyí tí a ń wọ̀, tó ní ẹsẹ̀ méjì.” Ṣòkòtò ti jáde, máàkì ti wọlé, irọ́ sì ni. Bí ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá bá wà ní àdúgbò, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọ, òun ló dára kó túmọ̀. Kí ọmọ bọ́ síta, kí a wá bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Nínú ilé Yorùbá, àgbà kì í dáná mọ́, wọn kì í rán an lọ́jà, ẹlòmíràn ló ń bá a gba owó. Iyè lè ti máa rá fún ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nítorí pé kò sí iṣẹ́ tí yóò tú àṣírí rẹ̀. Kò wúlò kí a bèèrè bóyá wọ́n ń dáná. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ṣì mọ iye tí oníbàárà jẹ wọ́n. Bóyá wọ́n ti ṣìnà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Bóyá wọ́n ń bèèrè ẹni tó ti kú. Bóyá wọ́n ṣì ń rántí orúkọ ọmọ-ọmọ tuntun. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni àbí lójijì.

Ohun kan kù lórí ìrántí ọjọ́ pípẹ́. Àwọn oníwádìí Ìbàdàn lo ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn láti mọ ọjọ́ orí àgbà tí kò ní ìwé ìbí, ọgbọ́n náà sì ṣeé lò ní Enugu. Àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949 kò jìnnà sí Coal Camp. Ìṣubú Enugu nínú ogun abẹ́lé ní oṣù kẹwàá 1967. Ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ní 1972. Ìgbà tí náírà dé ní 1973. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ ogun ní Enugu kì í ṣe ìbéèrè lásán. Yorùbá tó wà níbẹ̀ lákòókò náà, tàbí tó sá kúrò tó tún padà, lè bú sẹ́kún, àyẹ̀wò sì parí nìyẹn. Náírà àti apá ọ̀tún tó wa.

Lẹ́yìn tí máàkì bá jáde

Máàkì kékeré kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ohun tó ń sọ ni pé kí dókítà wo ẹni náà dáadáa. Àwọn ohun tó ṣeé wò wà tí ń ṣe bí iyè-rírá: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ, àìtó fítámìn B12, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, oògùn oorun tí wọ́n ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, etí dídi lásán. Bí ìdàrú ọkàn bá dé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá pẹ̀lú ibà tàbí ìṣòro ìtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó bi àgbà ní ìbéèrè kankan. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà náà ń ba iyè jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ṣeé kápá. Ní Enugu, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní New Haven, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Nàìjíríà sì wà ní Ituku-Ozalla, lẹ́yìn ìlú. Orúkọ èkínní máa ń ba ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́rù, wọ́n á ní ibi tí wọ́n ń kó wèrè sí ni. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa iyè wà níbẹ̀, kò sì sí ìdí tí a ó fi gba ibòmíràn lọ nítorí orúkọ.

Wọ́n á sábà ní kí àgbà padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí wọ́n lè fi máàkì kejì wé ti àkọ́kọ́. Bí ẹni tó túmọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ bá lo “ohun ẹlẹ́mìí,” tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sì lo “ẹranko,” máàkì á wálẹ̀, wọ́n á sì ní àìsàn ti le sí i. Nítorí náà, kí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n lò gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn, sí ẹ̀gbẹ́ máàkì nínú káàdì ilé ìwòsàn. Kí wọ́n sì kọ èdè tí àgbà fi dáhùn, àti ẹni tó túmọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ẹ̀ka Yorùbá lè kọ irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn tó yí wa ká, kí àwọn ti ẹ̀ka Igbo sì kọ tiwọn, nítorí pé ìyá Igbo tí kò mọ ìwé ní Coal Camp náà ń pàdánù máàkì 8 kan náà.